Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ilé Gbádégẹṣin

Ọ̀rẹ́ mi ni Dora, n kò sì ní díbọ́n pé inú kò bí mi lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní Ìyánsàn ń sọ pé ó gbéraga, pé ọmọbìnrin tó ti tó ọkọ ní tó tún ń lé ọkùnrin dànù, nǹkan ló ń ṣe é. Òótọ́ ni, nǹkan ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbéraga, èmi Sìlífátù sì mọ̀ ọ́n, torí ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà gbà kọjá.

Púpurú ni Dora àti ìyá rẹ̀ ń ṣe. Wọn a rẹ ẹ̀gẹ́ títí yóò fi rà, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a mọ ọ́n róbótó bí orí ọmọdé, wọn a sì tò ó sórí àjà iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Dora mọ iná dá. Èéfín ló ń fẹ́, kì í jẹ́ kí ahọ́n iná yọ sókè. Bó bá sì ti dá iná, kò sí ohun tó lè gbé e kúrò níbẹ̀ àfi bí iná náà bá kú tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí ilé wọn ti jó ni.

Ìparí ọdún 1965 ni ilé náà jó, nígbà wẹ́tìẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ìbò sọ aládùúgbò di ọ̀tá ara wọn. Gbádégẹṣin, bàbá Dora, kì í ṣe olóṣèlú. Ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ló fẹ̀, ó sì gba ẹgbẹ́ kan láyè kí wọ́n ṣèpàdé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí ìyẹn, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi èédú kun ojú da bẹntiróòlù sára ilé náà, wọ́n ṣáná sí i. Àlejò ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ́n. Dora àti ìyá rẹ̀ wà lódò nídìí ẹ̀gẹ́. Bàbá nìkan ló wà nílé, ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú ni wọ́n sì ti bá òkú rẹ̀ nígbà tí iná rọlẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ìyá Dora kò yé béèrè láti ọjọ́ náà. Yàrá ọkọ rẹ̀ kò jìnnà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn yẹn já sí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó la àárín ọ̀pẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, tó sì yọ sí ibi tí títì ti ṣẹ́ kọ́nà. Apá ẹ̀yìn ni iná dé kẹ́yìn. Kí ló wá dé tí kò gba ibẹ̀ jáde? Kí ló gbé e lọ sí iwájú tó ń jó? Bí a bá jókòó tí a ń bó ẹ̀gẹ́, yóò dédé gbórí sókè, yóò ní, “Sìlífá, ṣé ó gbàgbé ulí ara rẹ̀ ni?” Ulí ni wọ́n ń pe ilé lọ́dọ̀ wa.

Àwọn ẹbí bá wọn kọ́ ilé mìíràn síbẹ̀, èyí kọjú sí títì. Igbó bo ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹni tó bá dé Ìyánsàn lẹ́yìn iná yẹn kò lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

Ó tó bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kí Tíṣà Benedict tó gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n dé. Olùkọ́ ìjọ wọn ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, tó máa ń lọ wàásù fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Oǹdó. Ó sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ pé kí wọ́n máa kọ̀wé sí wọn, pé Jésù ní òun wà nínú túbú, àwọn kan sì wá bẹ òun wò. Ó ṣe òfin kan fún wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ẹlẹ́wọ̀n ní ohun tó gbé e débẹ̀. Ó ní, “Adájọ́ ti bi wọ́n tán. Ìkíni ni kí ẹ̀yin bá lọ.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òfin náà sì dùn mọ́ wọn. Wọ́n wá ń fọwọ́ mú orúkọ nínú fìlà rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó kan Dora, Tíṣà mú orúkọ kan láti inú àpò rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. A rò pé nítorí pé Dora mọ̀wé kọ jù wọ́n lọ ni.

Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, kẹrosíìnì àti ọṣẹ ni mò ń tà. Mo sọ fún Dora pé ẹlẹ́wọ̀n kì í ṣe ẹni tí à ń bá ṣọ̀rẹ́. Ó ní ẹlẹ́wọ̀n náà ní ìyá. Nígbà tó jẹ́ pé Òkìtìpupa ni mo ti ń ra ọjà, èmi náà ni mo di ẹni tó ń mú lẹ́tà rẹ̀ lọ sí posọ́fíìsì, tí mo sì ń gba ti ọkùnrin náà bọ̀.

Olúsànyà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lórí ọkọ̀ agégẹdú kí wọ́n tó mú un. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, n kò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ pé ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ń hanrun bí ọkọ̀ tó ń gun òkè, a sì rẹ́rìn-ín títí púpurú fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe púpurú, Dora sì kọ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè nípa bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún ń béèrè nípa Gbádégẹṣin nígbà náà, ìlú ti sunkún rẹ̀ tán. Dora wá jókòó, ó kọ bí ilé ṣe jó, ó kọ bí wọ́n ṣe bá òkú, ó sì kọ ìbéèrè ìyá rẹ̀ sí i.

Èsì ìyẹn pẹ́. Mo ti ń sọ fún un pé ó ti kọ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù sí ọkùnrin náà. Nígbà tó dé, Dora kà á fún mi: “Pẹ̀lẹ́, Dora. Bá mi kí màmá pẹ̀lẹ́. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Èmi kò kọjá Ọ̀rẹ̀ wá sí apá ọ̀dọ̀ yín rí láyé mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá dá mi sílẹ̀, Ìyánsàn ni n ó kọ́kọ́ wá.” Dora sunkún lórí lẹ́tà yẹn bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti Jésù àti túbú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn lẹ́tà náà fún ìyá rẹ̀. Ìyá kọ́kọ́ fapá jánú, kò pẹ́ tí òun náà ń ní kí wọ́n bá òun kí i, nígbà tó sì yá ó ń pè é ní “àna mi”. Ọkùnrin kan wá láti Igbódìgò tó fẹ́ fẹ́ Dora, ó ní ilé, ó ní oko ọ̀pẹ. Dora ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Olúsànyà ti kọ ọ́ pé òun yóò fẹ́ ẹ bí òun bá jáde, Dora sì ti gbà.

Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1971. Dora kọ̀wé júwe ilé fún un: kó bọ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kó wo ilé tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ búlúù, tó kọjú sí títì. Ní ọjọ́ tí Olúsànyà ń bọ̀, mo ti wà lọ́dọ̀ wọn láti àárọ̀, mò ń bá wọn se ọbẹ̀ marúgbó. Ìyá pààrọ̀ aṣọ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ojú gbogbo wa wà lójú títì.

Òjò ṣú. Dora lọ sẹ́yìnkùlé lọ wo púpurú orí àjà, mo tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni a wà tí igbó fi mì, tí ọkùnrin kan sì yọ láàárín ọ̀pẹ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, tí koríko lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó rí Dora, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ̀ tó gbé òun kò lè kọjá ẹrẹ̀ tó wà níbi kọ́nà, òjò sì ti ń bọ̀, ni òun bá gba ọ̀nà tó yá.

Ìyá ti gbọ́ ohùn, ó ti sáré dé. Ó dì mọ́ ọn, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó gbà wá, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Dora, o júwe ulí fún un dáadáa. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti lọ, ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ yìí wọlé mọ́. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ yìí wọlé, ọma ulí ni.” Ó wọlé lọ gbé oúnjẹ.

Dora kò rẹ́rìn-ín. Igi ìdáná ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ta ló fi ọ̀nà yìí hàn ọ́?”

“Ṣebí ìwọ lo júwe rẹ̀.”

“N kò júwe rẹ̀. Ọ̀nà yìí ti di igbó kí n tó mọ orúkọ rẹ. O ní o kò kọjá Ọ̀rẹ̀ wá sí apá ibí rí.”

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Mo rò pé yóò tún pa irọ́ kan, ǹ bá sì fẹ́ kó pa á. Ó ní, “Èmi kọ́ ni mo ṣáná sí i. Wọ́n ní kí n dúró lójú ọ̀nà ẹ̀yìn yìí, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀ jáde. Ti ilé ẹjọ́ tí a jó ní ìlú mìíràn ni wọ́n mú mi fún. Wọn kò mọ̀ nípa tibí.”

“Ṣé ó wá síbẹ̀?”

“Ó wá.”

“Ó rí ọ?”

“Ó rí mi. Mo gbé àdá sókè, ó sì padà sẹ́yìn.”

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Dora dúró nínú rẹ̀. Ó ní, “O ka lẹ́tà mi. O ka ibi tí ìyá mi ti ń béèrè. O sì ní kí n bá ọ kí i pẹ̀lẹ́.” Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

Olúsànyà gbé àpò rẹ̀, ó ní òun yóò máa lọ. Dora ní, “O kò ní lọ. Ìyá mi ti bu oúnjẹ. Wọlé lọ jẹ ẹ́ tán, bí o bá sì jẹ́ kó mọ̀, ọwọ́ ọlọ́pàá ni n ó fi ọ́ lé.”

Ó wọlé, ó jẹun. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo sì rí gbogbo rẹ̀. Ìyá ń fi ẹja sínú ọbẹ̀ rẹ̀, ó ń pè é ní àna, inú rẹ̀ dùn débi pé ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí, àna mi. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà níbẹ̀. Kí ló dé tí kò gba ibẹ̀?” Òkèlè wà lọ́wọ́ Olúsànyà. Ó wo Dora, Dora wò ó. Ó gbé òkèlè náà mì, ó ní, “Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́.”

Nígbà tó jẹun tán, Dora sìn ín dé ẹnu ọ̀nà iwájú. Ó ní, “Títì ni kí o gbà.” N kò tún fojú kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kejì, a lọ bá Tíṣà Benedict lóko rẹ̀. Ó rí ojú Dora, ó fi ọkọ́ sílẹ̀. Kò tilẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́ fún òun ní Oǹdó, pé ó ń sunkún, ó ń béèrè bí òun ṣe lè bẹ àwọn ẹbí náà, òun sì rò ó pé kí wọ́n kọ́kọ́ di ọ̀rẹ́, pé ìfẹ́ yóò la ọ̀nà fún ìdáríjì.

Dora ní, “Ẹ mọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti fún mi ní orúkọ rẹ̀. Ìdí tí ẹ fi ní kí á má ṣe béèrè nìyẹn.”

“Bí mo bá ti sọ fún ọ, ọmọ mi, o kò ní kọ̀wé sí i.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní kọ̀wé sí i. Ẹ̀yin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ sì fi mí tọrẹ.”

Tíṣà ní ohun rere ni òun ní lọ́kàn. Mo fẹ́ sọ ohun tó wà lẹ́nu mi fún un, Dora di ọwọ́ mi mú. Títí di òní, ohun rere Tíṣà yẹn ń bí mi nínú ju àdá Olúsànyà lọ. Olúsànyà kò mọ Dora nígbà tó gbé àdá. Tíṣà ló ṣe ìrìbọmi fún Dora.

Dora kò sọ fún ìyá rẹ̀. Mo ní kó sọ, ó ní kí ni òun fẹ́ wí. Ṣé kí òun ní ẹni tó lé ọkọ rẹ̀ padà sínú iná ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún, tó sì dì mọ́? Ó sọ fún un pé Olúsànyà rí iṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá gbà á gbọ́, ó ń dúró.

Ìdáhùn tí ìyá rẹ̀ ti ń wá láti ọjọ́ iná náà wá, ikùn Dora ló wà, kò sì lè pọ̀ ọ́. Kì í bá mi bó ẹ̀gẹ́ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́, kí ìyá má bàa tún béèrè níṣojú rẹ̀.

Mo kọjá lọ́dọ̀ wọn lánàá pẹ̀lú kẹrosíìnì. Dora wà nídìí iná, kò gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àdá kékeré, ó ń ṣán ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ti ṣán an dé ìdí ọ̀pẹ kejì, ó ti gbá ibi tó ṣán, ó mọ́ féfé. Ó bi mí bóyá ó ti fẹ̀ tó, kí ìrì má bàa pa ṣòkòtò àna òun nígbà tó bá tún ń bọ̀. Mo ní ó ti fẹ̀ tó.