Ọwọ́ Tí Kò Tíì Dé Etí

Láyé ọjọ́un, wọn kì í béèrè ọjọ́ orí ọmọ kí wọ́n tó gbà á sí ilé ìwé. Wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá dé etí, ọmọ ti tó lọ nìyẹn. Bí kò bá dé, kó padà sílé títí di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fi ọmọ mi obìnrin sí ilé ìwé ní Sùúrùlérè níbí, ìwé ìbí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, àti fọ́tò mẹ́rin, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ rẹ̀. Inú mi dùn pé ojú ti là.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Onídìrí ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì, dígí ńlá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹnu mi kì í sinmi, ọwọ́ mi kì í sinmi, inú sì tètè máa ń bí mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni màmá mi ti wá sí Muṣin, ọjà Yábà ló sì ti ń ta bọ́tìnnì, òwú àti síìpù láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó máa ń sọ pé Sùúrùlérè ni mò ń gbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì lásán ni, kò dé inú mi.

Ọmọ mi tètè mọ̀wé. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ike ìpara nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó parí Nọ́sìrì Wáànù, ọ̀gá ilé ìwé pè mí sí ọ́fíìsì.

"Mọ́mì, ọmọ yín ti ju kíláàsì ẹ̀ lọ o," ó ní. "A fẹ́ fún un ní dọ́bù pùromóṣọ̀n. Kó fo Nọ́sìrì Tú, kó bọ́ sí Práímárì Wáànù tààrà."

Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ ní Èkó á mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ìyá. Mi ò rántí bí mo ṣe rìn padà dé ṣọ́ọ̀bù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹni tó gbé orí wá sọ́dọ̀ mi ló ti gbọ́. Mo fi oníbàárà kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì orí kí n lè lọ sọ fún aládùúgbò tó ń ránṣọ. Bàbá ọmọ mi dé láti ibi iṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìjọ́ra, ó bọ́ bàtà, ó gbọ́ ọ tán.

"Ṣé kò ní kéré jù báyìí?" ó ní.

Mo dá a lóhùn pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó ní, "Ó dáa, ìwọ lo mọ̀." Bó ṣe máa ń kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ bá mi jà lé lórí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sunday, Màmá wá kí wa láti Muṣin. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo sọ fún un. Mo ti ń retí pé kó yọ̀, kó súre, kó pe ọmọ ní oríkì. Ó kàn wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀.

"Ọkọ mi, wá," ó ní. "Gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ gba orí kọjá. Fi kan etí ọ̀ún."

Ọmọ rò pé eré ni. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó nà án, ẹ̀rín ń pa á. Ọwọ́ náà dúró lókè etí. Màmá fi ìka tirẹ̀ wọn àlàfo tó kù.

"Ó ku ìka méjì," ó ní.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tayé àtijọ́ nìyẹn."

"Ó lè jẹ́. Ìwọ ń sọ ti orí, orí ẹ̀ pé. Èmi ń sọ ti ara. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, a kì í bú u sí i."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá sọ pé ọmọ mi ò lè ṣe é?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kò tíì yá. Tó bá dé, á tó."

Inú bí mi. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ fún ìyá rẹ̀: mo ní àwọn tí kò rí ìwé kà ló máa ń fi ọwọ́ wọn ọmọ. Màmá kò jà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní, "O kú ìbínú o," ó lọ wọ mọ́tò. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sẹ́nìkan nínú àwa méjèèjì tó rántí pé ọmọ náà ṣì dúró síbẹ̀, àti pé etí rẹ̀ ń gbọ́.

Nígbà tí sáà tuntun wọlé, mo ká etí aṣọ yúnífọ́ọ̀mù Práímárì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bá a mu. Ọmọ ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ti pé mẹ́fà, ẹlòmíì ti ń lọ sí méje. Tó bá jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Tíṣà á kọ nóòtì sí bọ́ọ̀dù, kí ọmọ mi tó kọ déètì tán, tíṣà á ti nù ún. Tí wọ́n bá jáde lọ ṣeré, àwọn ọmọbìnrin ńlá á ní kí wọ́n ṣe ìyá-àti-ọmọ, òun ni wọ́n á máa fi ṣe ọmọ, wọ́n á ní kó sùn sórí bẹ́ńṣì kó máa sunkún. Ó sọ fún mi, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣebí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó tọ̀ sára. Rọ́bà ló wà ní ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì àwọn Nọ́sìrì, fífà lásán ni. Ti Práímárì ní bọ́tìnnì, bọ́tìnnì náà sì le. Ó ti ń bá a jà fúnra rẹ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ojú tì í láti ké pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n di síkẹ́ẹ̀tì náà sínú ọ̀rá, wọ́n fún un gbé wálé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni inú rírun bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ Monday, inú ń run ún. Tuesday, bẹ́ẹ̀ náà. Títí dé Friday. Ní Saturday, ara le bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Inú rírun tó mọ kàlẹ́ńdà, ó yẹ kó sọ nǹkan fún ìyá tó bá lọ́pọlọ. Èmi lọ ra oògùn aràn. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, mo gba tíṣà lẹ́sìnnì tó ń wá lẹ́yìn ilé ìwé. Ọmọ tí kíláàsì ti rẹ̀, mo tún fi kíláàsì mìíràn lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó tì í pé kó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n fún un. Ó ṣi ọ̀kan kọ. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó tún ṣì í. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo fa etí rẹ̀. Ó wù mí kí n sọ pé fífà kékeré ni, ṣùgbọ́n etí náà ṣì pọ́n nígbà tí a jẹun alẹ́. Kò sunkún. Ó kàn gbé ọwọ́ lé etí náà, ó ń wo ìwé.

Saturday kan ni mo tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kún. Mo dojú kọ dígí àkọ́kọ́, mò ń rán wífọ́ọ̀nù mọ́ orí oníbàárà, ni mo bá rí ọmọ mi lẹ́yìn mi nínú dígí. Ó ti gun àpótí níwájú dígí kẹta. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí, ó sì ń fi ọwọ́ òsì fa àwọn ìka náà wálẹ̀ sí etí, tagbára tagbára, ojú rẹ̀ le koko. Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" mo bi í.

"Mò ń wò ó bóyá ó ti dé."

"Kí ló ti dé?"

"Ọwọ́ mi. Màmá Muṣin ní tó bá dé, mo máa tó. Ojoojúmọ́ ni mò ń fà á, kò dé." Ó yíjú sí mi. "Mọ́mì, ẹ bá mi fà á."

Ẹ̀rín tán nínú ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gún un sí mọ́. Ojú tì mí. Ọmọ náà ti rò pé gbogbo ìyà tó ń jẹ òun, ẹ̀bi ọwọ́ òun ni, àti pé èmi tí mo mọ etí í fà, á rọrùn fún mi láti fa ọwọ́.

Ṣùgbọ́n ìtìjú mi kì í pẹ́ di ìbínú, ẹlòmíràn ló sì máa ń lọ bá. Ní Monday, mo gba ọjà Yábà lọ láti lọ bá màmá mi jà. Ó ń to káàdì bọ́tìnnì sórí tábìlì.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni ọmọ yìí ń gbé kiri o," mo ní. Mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láti orí bẹ́ńṣì dé orí àpótí. Ó fa ìjókòó fún mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó gbé káàdì bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo jẹ̀bi tìyẹn," ó ní. "Kò yẹ kí n wọ̀n ọ́n lójú ara ẹ̀ kí n wá máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ẹ́. Ṣé o rántí ọdún tí o bá mi jókòó síbí?"

Báwo ni mi ò ṣe ní rántí? Ọdún kan gbáko ni. Àwọn ọmọ àgbàlá wa á wọ yúnífọ́ọ̀mù láàárọ̀, èmi á tẹ̀lé Màmá wá sọ́jà. Mo máa ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo mílíìkì: oníhò méjì lọ́tọ̀, oníhò mẹ́rin lọ́tọ̀, funfun, dúdú, aláwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ òǹkà. Tí oorun bá dé, màá sùn sábẹ́ tábìlì lórí aṣọ. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ọdún tí kò sówó nìyẹn, ọdún tí wọ́n mú mi jókòó sílé nítorí ìṣẹ́. Nítorí ọdún náà ni mo ṣe búra pé ọmọ tèmi kò ní fi ọjọ́ kan ṣòfò.

"Owó wà," màmá mi ní. "A ti fi ẹ́ síléèwé. Ọwọ́ ẹ ò dé etí, bàbá ẹ wá tẹ orí ẹ síbí díẹ̀, ó dé, wọ́n kọ orúkọ ẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lo lò. Gbogbo àárọ̀ lò ń bì. Mo bá lọ mú ẹ jáde. Mo ní kó o gbó díẹ̀ sí i. Bàbá ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"O ò bi mí. Ìtàn ìyà yẹn sì dùn lẹ́nu ẹ gan-an. Mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Ọdún tí mo ti ń kà sí àdánù, ìyá mi ló jà kí n tó rí i. Èmi tó yẹ kí n jà fún ọmọ tèmi, orí rẹ̀ ni mò ń tẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n dá ọmọ mi padà sí Nọ́sìrì Tú. Ó yà á lẹ́nu.

"Mọ́mì, àwọn èèyàn máa rò pé ó féèlì ni o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó," mo ní. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kò dé inú mi. Mo mọ ẹnu àwọn oníbàárà mi. Kò sì pẹ́ tí ọ̀kan fi béèrè lórí ìjókòó pé, "Àǹtí, mo gbọ́ pé wọ́n ti dá ọmọ yín padà sẹ́yìn?" Ó kù díẹ̀ kí n ní kó gbé ìlàjì orí rẹ̀ máa lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ní kí wọ́n dá a padà, mo sì ń dì í lọ. Ó dùn mí fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n rí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ.

Inú rírun lọ láìlo oògùn. Tíṣà lẹ́sìnnì náà lọ. Láàárọ̀ Saturday, Màmá máa ń mú un lọ sọ́jà Yábà, ó ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo. Àwọn agolo náà ti dípẹtà, ṣùgbọ́n Màmá kò dà wọ́n nù. Ọmọ náà ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń tú bọ́tìnnì àti bí wọ́n ṣe ń dè é, ó ń bá bàbá rẹ̀ de ti ṣẹ́ẹ̀tì kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ní ìparí sáà tó kọjá, mò ń fi dáì sí orí oníbàárà kan nígbà tó sáré wọlé láti ilé ìwé.

"Mọ́mì, ẹ wò ó."

Ó dúró gbọnrangandan, kò tẹ orí, kò fa ìka. Ọwọ́ rẹ̀ gba orí kọjá, ó sì di etí mú dáadáa. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n dáì ti kún ìbọ̀wọ́ mi. Mo bi í bóyá ó wá fẹ́ sáré lọ sí Práímárì Wáànù báyìí.

"Rárá. Tí a bá ti họ́lídéè dé." Ó wò mí. "Tiyín ńkọ́?"

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí mi kọjá, mo fi di etí òsì mú. Ó gun àpótí, ó yẹ̀ mí wò níhìn-ín lọ́hùn-ún bíi hẹdimísíréèsì ayé ọjọ́un, ó wò ó bóyá mo tẹ orí.

"Ó dé," ó ní. "Ẹ̀yin náà ti tó."