Tíṣà Mi Kúnlẹ̀ Lórí Òkúta Dúdú

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí màmá mi ṣì ń fi agídí dì mí nírun, Houston ni a ń gbé, nínú apartment kan tí kò jìnnà sí Deer Park, níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kẹ́míkà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 wọ̀nyẹn, ẹ ó rántí òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tí atẹ́gùn máa ń gbé wá láàárọ̀, tí gbogbo wa á di imú lọ dúró de bọ́ọ̀sì iléèwé.

Nílé wa, ẹ̀kọ́ ilé kò ní ìsinmi. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá, mo kúnlẹ̀ kí màmá, mo kúnlẹ̀ gba oúnjẹ. Bí mo bá fọ abọ́ tí ọṣẹ kù lára rẹ̀, mo tún kúnlẹ̀, àmọ́ ìyẹn ni èyí tí a ń gbé ọwọ́ sókè. Màmá mi a ní, "Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Mo kó ẹ̀ṣọ́ náà títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, iléèwé wa fẹ́ kó kíláàsì sáyẹ́ǹsì lọ sí New Mexico, láti lọ wo ilẹ̀ tí òkè oníná ti jó láyé àtijọ́. Ọkọ̀ ni a ó fi lọ, inú àgọ́ ni a ó sì máa sùn. Bàbá mi, tí kò gbà kí n sùn nílé ọ̀rẹ́ kankan rí, la ojú sí mi. "Ṣé wọn ò ní bẹ́ẹ̀dì nílé ni, tí wọ́n fi fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sùn nínú igbó?" Màmá mi bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀. Ó ní, "Ó dáa. Bí o ṣe lọ ni kí o ṣe bọ̀. Bí mo bá rí ojú ọgbẹ́ kan lára rẹ, o ò tún bá wọn lọ síbì kankan mọ́ títí wàá fi wọ yunifásítì." Mo mọ bàbá mi, kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Màmá mi di ìrẹsì àti ẹran díndín sínú kúlà fún mi, ó sì rọ omi àdúrà láti ṣọ́ọ̀ṣì wa sínú ìgò kan.

Tíṣà tó kó wa lọ ni Mísíìsì Dobbin, ìyá onírun funfun tó lè bí bàbá mi. A ò tíì kúrò ní Texas tó fi ní ká máa pe òun ní Wendy. Wendy! Àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń pè é bẹ́ẹ̀ láìwojú rẹ̀: "Wendy, ebi ń pa mí. Wendy, dúró, mo fẹ́ tọ̀." Ẹnu mi kò gbà á. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyá yìí fúnra rẹ̀ ló dáná, òun ló se ẹ̀wà, òun ló ń bù ú fún wa. Ní Abẹ́òkúta tí a ti wá, àwa ọmọ ni à ń pọnmi fún tíṣà! Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Denise, ọ̀rẹ́ mi, ní, "Dìde jàre, kì í ṣe Kuìnì."

Èmi rò pé ilẹ̀ tí iná jó yóò dà bí oko tí wọ́n dáná sun. Ohun tí mo bá lọ́hùn-ún yà mí lẹ́nu. Òkúta dúdú tẹ́ rẹrẹ títí ojú kò fi tó òpin rẹ̀ mọ́, ó ká, ó ṣù, ó sán. Mísíìsì ní iná olómi ni, ó ru jáde láti inú òkè bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó ṣàn, ó sì dì. Ẹ̀rù bà mí. Irú iná wo ló ń se òkúta jinná?

Orí òkúta yìí la ti jẹun ọ̀sán. Mísíìsì na búrẹ́dì sí mi. Orúnkún mi kò bi mí léèrè ibi tí a wà, ó kàn lọ sílẹ̀. Ṣòkòtò péńpé ni mo wọ̀, òkúta yẹn sì mú bí ìgò fífọ́. Igbe tí mo ké, gbogbo wọn ju oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ìbọ̀sẹ̀ mi.

Ìrora kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún, bàbá mi ni. "Wọn ò ní jẹ́ kí n jáde mọ́ láé!" ni mo ń wí. Mísíìsì bi mí pé kí ló dé tí mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ fún mi lóúnjẹ, mà."

Ó fa ìgò omi rẹ̀ yọ. Ni òun náà bá kúnlẹ̀.

Ẹ gbà mí! Àgbàlagbà, níwájú ọmọdé! Nílé wa, bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ọmọ náà ti gbé nìyẹn. Mo rò pé ó fẹ́ ṣẹ́ èpè fún mi ni. Gẹ̀ẹ́sì fò lọ lórí mi, mo ń pariwo ní Yorùbá pé, "Ẹ dìde, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!" Kò gbọ́, kò sì dìde. Ó rọra ń ṣa ẹ̀rún òkúta kúrò lára mi. Nígbà tí omi rẹ̀ tán, omi àdúrà màmá mi ló fi fọ ojú ọgbẹ́ náà. Ìgbà tó fi máa dìde, ṣòkòtò rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ wà lórúnkún òun náà. Báńdéèjì kan náà ni a jọ pín wé.

Nígbà tí a dé Houston, bàbá mi ti wà níwájú iléèwé, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò bọ́ síbòmíràn, orúnkún mi ló bọ́ sí. "Mo sọ ọ́! Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ!" Mísíìsì tiro lọ bá a, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ má bínú sí i. Nítorí pé mo fún un ní búrẹ́dì ló ṣe kúnlẹ̀."

Bàbá mi wo báńdéèjì tèmi, ó wo tirẹ̀. "Ẹ̀yin náà kúnlẹ̀? Fún ọmọ mi?"

"Mi ò lè rí ojú ọgbẹ́ náà dáadáa lórí ìdúró."

Bàbá mi bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó sì nà gbalaja lórí títì ọlọ́dà. Yéè! Àwọn òbí tó kù pariwo pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹnì kan sáré lọ pe áḿbúláǹsì, ọkùnrin kan ti ń já bọ́tìnì rẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́ láyà. Bàbá mi ń pariwo láti ilẹ̀ pé ara òun le, èmi náà ń ké pé ìkíni ni, ìkíni ni! Nígbà tó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Mà, ibikíbi tí ẹ bá tún ń lọ, ẹ mú un dání." Ó wa ọkọ̀ wa gun freeway, títì ńlá àárín ìlú. Lẹ́yìn náà ló mi orí. "Látọjọ́ tí mo ti wà ní ìlú yìí, mi ò mọ̀ pé òyìnbó ní orúnkún."

Lóde òní, Cypress lẹ́yìn odi Houston ni mo ń gbé, ọkọ̀ òfúrufú ni àwọn ọmọ mi ń wọ̀ lọ wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ń yà wọ́n lẹ́nu níbẹ̀, wọ́n ti rí i tán lórí fóònù kí wọ́n tó kúrò nílé. Èmi náà kì í jiyàn bí wọ́n bá fẹ́ lọ, ìrìn wọn kì í sì í dẹ́rù bà mí. Bàbá mi kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni nílùú yìí, síbẹ̀ ó rí tíṣà kan tó dọ̀bálẹ̀ fún. Èmi tí mo fọkàn tán gbogbo wọn, bí tíṣà tó ń kó àwọn ọmọ mi lọ bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ní mall tí mo ti ń rajà lónìí, n kò ní mọ̀ pé òun ni.