Ẹnu Tó Ń Mì Lára Páálí Àwo

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìlá, ojú la fi ń kọ́kọ́ gbọ́ orin. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Giramafóònù kò pọ̀ ní àdúgbò wa, àwọn tó sì ní i kì í jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n aránṣọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tó kan páálí àwo orin mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́, ibẹ̀ la ti máa ń dúró. A ó máa wo páálí, a ó sì máa sọ irú orin tó wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó bá wọ awò dúdú, tó fara ti mọ́tò ńlá, a mọ̀ pé gìtá á pọ̀ nínú orin tirẹ̀, á sì máa ki àwọn olówó. Àwọn tó bá tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ nínú aṣọ funfun, tí ẹnìkan nínú wọn gbé Bíbélì mọ́ àyà, orin ìjọ ni. Ọkùnrin àgbà kan wà tó jókòó sórí àpótí, tó kọjú sí ògiri, tí a kò rí ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Páálí yẹn máa ń bà wá lẹ́rù. Lọ́jọ́ tí aránṣọ gbé àwo rẹ̀ sí i, ohùn ọkùnrin náà jáde bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí gẹ́lẹ́: ó tẹ̀, ó sì jìnnà. Aránṣọ bojú wò wá, ó ní, "Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ báyìí? Ẹ lọ jíṣẹ́ tí wọ́n rán yín, kí wọ́n tó fi pàṣán wá yín wá."

Ìdòwú lorúkọ tí mo mú wá sáyé, torí náà ẹ ti mọ̀ pé ìbejì ló ṣáájú mi. Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Bàbá wa jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, inú ẹgbẹ́ akọrin sì ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi dàgbà sí. Táyé ló máa ń dá orin. Ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó tutù bí omi inú àmù. Bí ó bá ti tẹ́ ohùn náà sílẹ̀ bí ẹní, Kẹ́hìndé á gun orí rẹ̀. Ohùn tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lọ sókè bí èéfín àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dà láàmú. Bí ìkórè bá ti kan ìjọ ní Ọ̀rà tàbí ní Ìgbájọ, wọ́n á ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ọmọ Ìlá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn gbọ́ wọn níbi ìkórè, ó sì mú wọn lọ bá ọ̀gá kan tó ń gbé àwo orin jáde. Wọ́n kọ orin kan sínú àwo níbẹ̀, wọ́n padà wálé. Kẹ́hìndé ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé yàrá tí àwọn ti kọrin kò ní fèrèsé, pé ẹní ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀. Ohun tó kù ni fọ́tò ara páálí. Ọ̀gá náà ní kí àwọn méjèèjì yà á nílé, kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Kí wọ́n tó yà á, ibà mú Kẹ́hìndé. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tó fi lọ.

A kì í sọ pé ìbejì kú nílé wa. Wọ́n ní ó lọ sájò. Àwọn aládùúgbò ń wá kí màmá wa, wọn kò sì mọ̀ bóyá kí àwọn ṣì máa pè é ní Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n Táyé ló ba gbogbo wa lẹ́rù. Kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tí a bá gbé síwájú rẹ̀, á pín in sí méjì, á tọ́ díẹ̀ wò nínú ìdajì kan, á sì máa wo ìdajì kejì títí yóò fi tutù. Bí ẹnìkan bá pe Táyé, kò ní dáhùn. Àfi tí a bá pe àwọn méjèèjì pọ̀ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, "Táyé, Kẹ́hìndé", nígbà náà ni yóò gbójú sókè, yóò sì kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ná. Ó ń gbẹ lọ lójú wa. Màmá wa mọ ohun tó ń ba òun lẹ́rù: pé èyí tó lọ ń pe èyí tó kù.

Ìyá bàbá wa ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ère Kẹ́hìndé, kí Táyé lè ní ẹni tí yóò máa wò. Bàbá wa ní ère kò ní wọ ilé òun.

Ìyá àgbà ní, "Èmi ni mo bí ọ. Nígbà tí mo bí ọ, ṣé ìjọ wà ní agbolé yìí?"

Bàbá wa dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, "Kò sí, màámi. Ṣùgbọ́n ó ti wà báyìí."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ìránṣẹ́ fi wọlé láti Ìbàdàn. Ọ̀gá ti gbọ́, ó sì kẹ́dùn. Ó ní orin ti ṣe tán, kí wọ́n fi fọ́tò ẹni tó kù ránṣẹ́, òun á lò ó bẹ́ẹ̀.

Màmá wa dìde. Ó ní, "Bí wọ́n bá tẹ ojú kan ṣoṣo sára páálí yẹn, tí Táyé sì rí i, ó parí. Ẹ ti fi han ọmọ náà pé ó ku òun nìkan. Yóò tẹ̀ lé èkejì rẹ̀."

Ní Ìlá nígbà náà, àwọn onífọ́tò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìyá tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ bá lọ. Wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bí èkejì rẹ̀, wọ́n á sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan. Bí o bá wọ ilé ẹlòmíì, wàá rí ọmọ méjì lára ògiri, ọ̀kan lo máa bá nílé. Ìyẹn ni màmá wa ń fẹ́.

"Irọ́ ni," ni bàbá wa wí. "Bó bá jẹ́ ti ògiri ilé wa ni, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí ń lọ sọ́jà. Àwọn tí kò mọ̀ wá rí ló máa rà á. Ṣé irọ́ la fẹ́ fi di orin Ọlọ́run?"

Màmá wa kò gbé ohùn sókè. "Bàbá Ìbejì, ohùn mélòó ló wà nínú àwo náà?"

"Méjì."

"Ti ọmọ mélòó?"

"Ọmọ méjì."

"Bí ẹ bá wá gbé ojú kan lé ohùn méjì, èwo gan-an ni irọ́?"

Bàbá wa mú fìlà rẹ̀, ó jáde lọ síwájú ilé. Nígbà tó padà wọlé, ó ní kí wọ́n lọ bá onífọ́tò.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà ní fèrèsé ńlá kan, ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Kámẹ́rà rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, aṣọ dúdú bò ó. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó ní kí màmá wa kọ orin inú àwo náà fún òun.

"Orin kẹ̀? Fọ́tò la wá yà."

"Ìyá Ìbejì, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta àwo, ojú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ orin náà. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kí ni kí n yà fún yín? Páásípọ̀tù?"

Màmá wa rọra kọ ọ́, ohùn Táyé lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti Kẹ́hìndé, ohùn rẹ̀ sì já níbẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní ẹni tó di orin mú gbọ́dọ̀ jókòó, kó kọjú sí wa, kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ẹni tí orin ń gbé lọ gbọ́dọ̀ dúró, kó gbé àgbọ̀n sókè, kó máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀.

Ó kọ́kọ́ ya Táyé ní ìjókòó. Táyé ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe bí ẹni tó ń sùn. Lẹ́yìn náà ni màmá wa mú un lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó wọ̀ ọ́ láṣọ Kẹ́hìndé, ó sì wé gèlè fún un bí Kẹ́hìndé ti máa ń wé e, tí etí kan á ga ju èkejì lọ. Nígbà tó jáde wá, mo sá sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé Táyé ni. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀.

Onífọ́tò wọ abẹ́ aṣọ dúdú. "Má mì o. Má tilẹ̀ mí."

Bó ti ṣí ojú kámẹ́rà báyìí ni Táyé la ẹnu, ó kọrin. Kì í ṣe ohùn tirẹ̀. Ohùn òkè ni, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tí kò sí ohun tó gbé e nísàlẹ̀. Onífọ́tò ń ké lábẹ́ aṣọ pé ẹnu rẹ̀ ti mì, ó ti bàjẹ́, kó dákẹ́ kí òun tún un yà.

"Ẹ má tún un yà," ni màmá wa wí. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là."

Bí páálí náà ṣe jáde nìyẹn. Lápá òsì, ọmọbìnrin kan jókòó, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ẹnu rẹ̀ pa dé. Lápá ọ̀tún, ọmọbìnrin kan náà dúró, ẹnu rẹ̀ sì rí bí ojú odò tí wọ́n ju òkò sí. Ìlà tín-ín-rín kan gba àárín wọn kọjá níbi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ìdì àwo dé láti Ìbàdàn, bàbá wa gbé ọ̀kan lé Táyé lọ́wọ́. Ó wò ó pẹ́.

"Èwo ni ìwọ níbẹ̀?" ni bàbá wa bi í.

Táyé kò tọ́ka sí èyí tó jókòó. Ó gbé ìka lé èyí tí ẹnu rẹ̀ ń mì. "Èmi nìyí. Kẹ́hìndé ló jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ó wá bèèrè oúnjẹ, kò sì pín in sí méjì.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀gbọ́n mi sí fún wa. Ó lọ́kọ, ó bímọ, ó rí ọmọ ọmọ. Mo mọ ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ nípa òkú àti alààyè, mo sì gbà á gbọ́. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mò ń sọ fún yín. Láti ọjọ́ náà, Táyé kò fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin mọ́. Ohùn Kẹ́hìndé ló fi kọrin ní ìjọ títí ó fi hewú. Àga kan máa ń ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ akọrin, kò sì sí ẹni tó jẹ́ jókòó síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má jókòó. Nígbà mìíràn ní Ìgbájọ, àwọn tó gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti lọ á mú páálí náà wá bá a, wọ́n á ní, "Èyí tí ẹnu rẹ̀ ń mì yìí ni òkú, àbí?" Táyé á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ̀rù ara mi máa ń ba èmi náà."

Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá, òun náà lọ sájò.

Àwọn ọmọ wa wálé láti Èkó àti òkè òkun láti wá sin ín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ mi ya páálí àtijọ́ náà sínú fóònù rẹ̀, ó sì gbé orin náà sí ibi tí gbogbo ayé ti lè gbọ́ ọ. Inú mi dùn, torí àwo tèmi ti họ, abẹ́rẹ́ kò lè rìn lórí rẹ̀ mọ́. Ayé ti yí padà. Ní báyìí orin á ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wo àwòrán, àwòrán náà kò sì ju èékánná lọ. Ọmọ náà gbé e wá fi hàn mí.

"Màmá àgbà, ẹ wò ó. Mo ti fi ẹ̀rọ tún un ṣe. Ó ti mọ́ báyìí."

Mo wọ awò mi. Ìlà àárín ti pa rẹ́. Ọmọbìnrin méjì tó jọra wà níbẹ̀, ẹnu àwọn méjèèjì pa dé, wọ́n dára lójú. Kò sí ẹni tó ń kọrin nínú wọn.

"Dá a padà bó ṣe wà."

"Màmá, àwọn èèyàn máa rò pé fọ́tò náà ò dáa ni."

"Jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Orin náà ń lọ lọ́wọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ti tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi níbi tó dúró sí, tó gbé àgbọ̀n sókè, tí ẹnu rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.