Òkìtì Dúdú Ìdí Òkè

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kan ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn Agbonou, àdúgbò wa, òórùn ọkọ́ tó ti dípẹtà ló máa ń jáde láti inú rẹ̀, á sì rẹ̀ mí kí n tó ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá ti roko rí mọ òórùn yẹn. Ọdún tí bàbá mi kò tètè kọ ebè ló máa ń rán mi létí.

Òkìtì kan wà ní ìdí òkè wa, tó kún fún òkúta dúdú, wúwo, oníhò wẹ́wẹ́. Bàbá gbọ́ pé àwọn kan ń wá irin inú ilẹ̀ kiri, ó gbà pé irin ni òkúta wọ̀nyí, ó sì dá a lójú pé ilẹ̀ wa ni wọn yóò rà. Ó ní òun kò lè kọ ebè sórí ilẹ̀ tí katapílà ń bọ̀ wá hú. Àwọn ará àdúgbò gbin iṣu tiwọn, koríko bo tiwa. Èmi tí mo ń ṣe tíṣà ní Atakpamé, ní Togo, gbogbo ìgbà tí mo bá gun alùpùpù wá sílé, koríko yẹn ni mo ń bá. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí oko náà nìkan ló ń bọ́ ilé wa.

Nígbà tí obìnrin onímọ̀ òkúta kan tí àwọn tó ń wá irin rán dé níkẹyìn, bàbá mi ló ṣáájú wa gun òkè, tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Faransé ni obìnrin náà ń sọ, èmi ni mo ń túmọ̀. Ó fi òòlù la òkúta kan, ó fi ìlà inú rẹ̀ hàn wá, pupa lórí àwọ̀ eérú, tín-ín-rín. Ó ní inú omi òkun ni irin inú òkúta náà ti yòrò sí, nígbà tí ayé kò tíì ní ẹranko kankan. Afẹ́fẹ́ dé inú omi, irin dípẹtà, ó sì ń rọra rọ̀ sísàlẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ṣùgbọ́n ó ní èyí kéré jù, kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni ń wà. Bàbá kàn rẹ́rìn-ín, òkìtì dúdú ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, obìnrin náà yí òkúta kan lọ́wọ́ títí, ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó wù mí kí n fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ni bàbá ń wò.

“Bàbá, ó ní ìdàrọ́ ni. Wọ́n ti fi iná yọ irin inú rẹ̀ kúrò.”

“Ta ló yọ ọ́?”

“Àwọn tó bí yín ni.”

Bàbá jókòó sórí òkìtì náà. Inú ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí i sí, orí ìdàrọ́ wọn ló ti ṣeré dàgbà, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tó jẹ́ fún un.

“Wọ́n ti lò ó tán,” ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Lọ gbé ọkọ́ wá.”

Ọ̀sán gangan ni. A bẹ̀rẹ̀ sí ro oko náà, àwa méjèèjì. A ti pẹ́ gbìn, iṣu ọdún náà kò ju ìkúùkù lọ, ebi sì pa wá. Mo bínú sí bàbá nígbà náà. Mi ò bínú mọ́, ó kàn rẹ̀ mí ni. Títí dòní, bí ẹnìkan bá ní oore ńlá ń bọ̀ lọ́nà, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì máa ń kọ ebè mi tán kí n tó jókòó dè é.