Àwọ̀ Tí Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Yàn fún Ilé Olówó

Ẹ gbé ṣòkòtò lọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pé kó bá yín gé e kúrú, ẹ ó mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Kó tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà, á ti sọ fún yín pé àwọ̀ rẹ̀ ò bá yín mu. Télọ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó fún un lọ́wọ́ kò fi ẹnu dù ú. Bó bá ti so téèpù mọ́ oníbàárà nídìí, onítọ̀hún ti dẹlẹ́wọ̀n. Á dúró síbẹ̀, á gbọ́ èrò rẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì tuntun, lórí ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé ìwòsàn, lórí ìyàwó tí ọmọ aládùúgbò fẹ́ gbé. Agbẹnusọ ni àdúgbò ń pè é. Àwọn kan fi ń yẹ́ ẹ sí, àwọn kan fi ń bú u, òun sì ń dá gbogbo wọn lóhùn.

Ṣọ́ọ̀bù wa ò ju yàrá kan lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà kó lè máa rí ìta. Ti ẹ̀gbọ́n mi wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí pé òun ló ń ríṣẹ́ ṣe. Èmi jókòó sáàárín wọn, mò ń rán bọ́tìnnì. Ọ̀ọ́kán wa gan-an ni ilẹ̀ ńlá kan wà tí wọ́n wó ilé àtijọ́ orí rẹ̀, ibùdókọ̀ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń wá. Wọ́n á bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á gba orí ilẹ̀ yẹn kọjá, wọ́n á sì já sí ẹnu ọ̀nà wa. Ẹni tí bọ́tìnnì rẹ̀ já bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ ò ní yí gbogbo àdúgbò po nítorí bọ́tìnnì. Ọ̀nà yẹn ló ń bọ́ wa, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan dé pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé alájà gogoro síbẹ̀ fún àwọn olówó, wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ara páànù tí wọ́n fi ṣe ọgbà. Ilé funfun ni. Báákóní yí i po, ọ̀nà gbòòrò kan sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti ibùdókọ̀ wá sí òpópónà wa. Gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà náà nínú àwòrán ló ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan tiẹ̀ fa ajá lọ́wọ́. A ò mọ ẹni tó ń fa ajá lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n a gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí ọ̀nà yẹn la ṣe jẹ eruku wọn mu, tá a fara da ariwo wọn. Wọ́n to pákó sílẹ̀ fún wa ká máa tẹ̀ ẹ́ kọjá títí ilé á fi parí.

Ilé ò tíì ga ju òrùlé wa lọ tí wọ́n fi yí àwòrán padà. Báákóní ti lọ. Funfun ti di àwọ̀ eérú. Nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀nà wa wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ya ògiri, wọ́n ya omi tó ń tú sókè lẹ́yìn rẹ̀, àti ọkọ̀ dúdú kan tó ń sinmi. Ẹlẹ́rìn-ín àti ajá rẹ̀ ti kó lọ.

Ẹ wá wo ìbínú láàárín ìlú. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì dúró síwájú páànù, ó ní ilé náà jọ fìríìjì tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ò rí oúnjẹ jẹ nítorí báákóní. Ó ní, "Àwọn ènìyàn yẹn ńkọ́, níbo ni wọ́n á máa sá aṣọ sí?" Orí àga lòun fúnra rẹ̀ ń sá tirẹ̀ sí. Ọkùnrin kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò láti ọdún tó kọjá ní gíláàsì wọn ò nípọn tó, pé òjò á máa fẹ́ wọlé bá wọn. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi àánú ṣe olówó tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti Bọ̀ọ̀dá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, àwọ̀ ló rí. Télọ̀ ni, kí ni ì bá tún rí? Ó ní, "Eérú, láàárín ìgboro. Ṣé òkú ni wọ́n fẹ́ tẹ́ síbẹ̀ ni?" Ó pa iṣẹ́ tì, ó ń kó àjákù aṣọ lọ síwájú páànù, ó ń fi wọ́n wé àwòrán. Oníbàárà tó bá wá gba ṣòkòtò á kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ kó tó rí ṣòkòtò gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó. Ó ní, "Dádì, ọ̀nà tí wọ́n dí yẹn ńkọ́?" Bọ̀ọ̀dá ní, "A ń bọ̀ níbẹ̀."

Ilé-iṣẹ́ náà pe ará ìlú sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Wọ́n rán ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá, ohùn rẹ̀ rọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ kì í tán. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, "A ń gbọ́ yín" ló fi ń dáhùn. Olùkọ́ sọ ti fìríìjì, ó ń gbọ́. Onídìrí sọ ti aṣọ sísá, ó ń gbọ́. Bọ̀ọ̀dá wá dìde pẹ̀lú àjákù aṣọ rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Àárín ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà tó gba abẹ́ ilé yẹn, àwa tá à ń..." Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i.

"Jókòó ná. Ká parí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ó rọra sọ pé, "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." Mo rò pé èmi nìkan ni mo gbọ́, àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí i pé ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè fún Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn dáadáa, ó ṣe pàtàkì." Bọ̀ọ̀dá ṣàlàyé títí ẹni tó ń ti gbọ̀ngàn fi bẹ̀rẹ̀ sí mi kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ìpàdé sì tú ká síbẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé Agbẹnusọ borí. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà gbé àwọ̀ oríṣiríṣi wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó yan èyí tó wù ú. Àwọ̀ wàrà ló yàn. Wọ́n yà á ní fọ́tò níbi tó ti fi ìka lé e, wọ́n sì lẹ fọ́tò náà mọ́ páànù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gàdàgbà pé ilé-iṣẹ́ wọn ń tẹ́tí sí ará ìlú. Àdúgbò yọ̀. Ẹni tí kò lè ra ilẹ̀kùn kan nínú ilé náà ń bọ àwọn yòókù lọ́wọ́ pé a ṣẹ́gun.

Àwọn òṣìṣẹ́ wá kó pákó wọn kúrò nílẹ̀, wọ́n mọ ògiri dí ojú ibẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fọwọ́ sọ̀yà pé òun á lọ bá wọn sọ ọ́, torí pé wọ́n mọ òun níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà jáde wá kí i, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ò mẹ́nu bà á nípàdé. A rò pé ẹ fara mọ́ ọn ni."

Bọ̀ọ̀dá padà dé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wo ògiri. Mi ò bá a kẹ́dùn. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá àwọ̀ aṣọ títí, ẹ rán an tán, ẹ ò yọ ọrùn rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n panu mọ́. Bọ̀ọ̀dá ò tiẹ̀ bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Oníbàárà ń dín kù. A ó jókòó láti àárọ̀, kò ní sí ẹni tó máa já bọ́tìnnì kan wá, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a jà. Ó jáde lọ, ó lọ tọrọ ààyè ní ìdí ibùdókọ̀, lábẹ́ òrùlé iwájú ilé ìtajà oògùn. Ààyè ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn ni wọ́n ti jọ ń ránṣọ nínú yàrá kan. Ó sọ fún un nígbà tí wọ́n ń jẹun. Ó ní, "Dádì, ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ lọ lọ́la."

Bọ̀ọ̀dá gbé ẹ̀rọ náà lé èjìká. Ilé náà ti parí, a ò lè gba iwájú kọjá, a ní láti yí gbogbo ilé náà po. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ níwájú pẹ̀lú àpò òwú, èmi gbé àga. Nígbà tá a dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ti ń tú lẹ́yìn gíláàsì, ọkùnrin aláṣọ dáadáa kan dúró, ó ń wo ilé náà sókè. Ó rí Bọ̀ọ̀dá tó ń sinmi díẹ̀, ó fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́.

Ó ní, "Bàbá, àwọ̀ ilé yìí mà dára o. Kí lẹ rò sí i?"

Mo dúró. Mo ti múra láti bínú. Bọ̀ọ̀dá la ẹnu, ó pa á dé. Ó gbójú wo òkè, ó sì tún ẹ̀rọ gbé sí èjìká kejì.

Ó ní, "Ẹ bi ìyàwó mi."

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti yà ní kọ̀rọ̀ ilé náà, kò gbọ́.