Bí Mo Ṣe Fi Ìkíni Gun Òkè Ilé Ìwé

Òórùn gàrí gbígbóná ló kọ́kọ́ máa ń pàdé ẹni tó bá ń gun òkè ilé ìwé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ní ẹsẹ̀ òkè náà ni àwọn obìnrin kan ti ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà páànù, èéfín á sì máa rú gba ojú ọ̀nà kọjá títí dé ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kadà kì í gun ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àwọn onígàrí ni wọ́n máa ń já ènìyàn sí, kóówá á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ parí ìyókù. Ogún ọdún ni mo fi gun ọ̀nà yẹn láìronú kàn án. Mo máa ń gbé páálí ṣọ́ọ̀kì dání, mo sì tún máa ń sáré lé àwọn ọmọ tó bá pẹ́.

Ọdún tí kòrónà mú mi ni ọ̀rọ̀ yí padà. Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ọsibítù, wọ́n fi rọ́bà sí mi nímú, Ọlọ́run sì yọ mí. Gbogbo ìjọ bá mi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jó díẹ̀, mo yára jókòó. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé àìsàn ti lọ, ṣùgbọ́n èémí mi kò tíì padà dé. Bí mo bá wẹ̀ tán, mo ní láti jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì kí n tó lè wọ ṣòkòtò. Bí mo bá pe ìyàwó mi láti inú yàrá, ìdajì orúkọ rẹ̀ ni yóò jáde, òun náà á sì bi mí pé ìdajì tó kù ńkọ́. Obìnrin náà kò jẹ́ kí ilé wa di ilé ẹkún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, kí n sì máa sinmi kó tó rẹ̀ mí. Mo gbọ́ pé kí n máa rìn, n kò gbọ́ ìyókù. Ìdí ni pé ọ̀gá ilé ìwé wa ti wá kí mi nílé, ó sì ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé bí ilé ìwé bá wọlé tí n kò lè gun òkè dé kíláàsì, òun á ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ọ́fíìsì, kí n máa jókòó ti fáìlì. Ó rò pé àánú lòun ń ṣe mí. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọsibítù lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ni ayé mi, kí n má parọ́ fún ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì kù.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ní àràárọ̀. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé n kò ní fi èémí ṣòfò. Mo wọ ìbòmú, mo tẹjú mọ́lẹ̀, n kò sì kí ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà mọ ìlú wa. Kí àgbàlagbà jókòó síwájú ilé, kí o sì kọjá láìdúró, láìbéèrè ilé, ọmọ, oko àti orúnkún tó ń dùn ún! Bí wọ́n bá kí mi, ńṣe ni mo kàn máa ń mi orí bí alángbá. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé tíṣà ti ń gbéra ga láti ìgbà tó ti ọsibítù dé. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, n kò gun ju ìdajì òkè lọ. Ilé mẹ́fà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn, lẹ́bàá ìkẹta ni ojú mi ti máa ń ṣú, màá di igi máńgòrò mú, màá sì yí padà sílé pẹ̀lú ìtìjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà tó ni ilé kẹta náà, tó máa ń bó ẹ̀gẹ́ fún àwọn onígàrí, gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dí ọ̀nà mọ́ mi.

"Tíṣà, kí ni ulé mi ṣe ọ́? Mo kí ọ níjọ́ mẹ́rin, o è dá mi lóhùn."

Mo yọ ìbòmú, mo fẹ́ ṣàlàyé. "Ìyá, èémí..." ni mo rí sọ, ikọ́ sì gba ìyókù lẹ́nu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ níwájú rẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ìbínú kúrò lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fà mí jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, ó bu omi fún mi. Nígbà tó rí i pé n kò ní kú sí i lọ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"O mọ ùwé, o è gbọ́n. Bó bá rẹ̀ ọ́, jókòó. Bi mí léèrè àwọn ọmọ mi. Kí n tó sọ tán, o ti sinmi."

"Ṣé kí n wá máa jókòó nílé gbogbo èèyàn ni?"

"Ulé ta ni o fẹ́ fò?"

Ọmọ mẹ́jọ ló bí. Mo béèrè àkọ́bí tó wà ní Àkúrẹ́, ó sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó bọ́ sórí ìyàwó ọmọ náà, ó sì bọ́ sórí ọbẹ̀ tí ìyàwó náà kò mọ̀ ọ́n sè. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n máa ṣe "hẹ́n-ẹ̀n" lọ. Kó tó kan ọmọ kẹrin, àyà mi ti balẹ̀ pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì, láti ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀. Àwọn onígàrí ti gbé bẹ́ńṣì wọn kúrò lójú èéfín nítorí mi, bàbá tó ń sá kòkó níwájú ilé kejì sì ti gbé àpótí kan sábẹ́ ibòji. Mo jókòó, mo tọrọ àforíjì, mo béèrè ilé, mo gbọ́ ìdáhùn, mo dìde. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, mo dé ilé kẹfà. Ayọ̀ rẹ̀ pa mí bí ọtí, èmi tí n kì í mutí.

Lọ́jọ́ tí ilé ìwé wọlé, mo tètè kúrò nílé, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní àdúrà tí wọ́n fẹ́ gbà fún mi, ta ni mo sì fẹ́ sọ fún pé kó gé tirẹ̀ kúrú? Àwọn ọmọ ti ń kọrin àárọ̀ nígbà tí mo wọ ọgbà. Ọ̀gá wo aago, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ pẹ́, sà."

"Ẹ má bínú, mà, àwọn ará òkè yìí ni mo dúró kí lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo sọ ọ́ tán láìdúró mí. Òun náà ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà kíláàsì kẹta.

Èémí mi kò tíì pé bíi ti tẹ́lẹ̀ títí dòní, pàápàá bí ọyẹ́ bá dé. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, nígbà tí ara mi ṣì le koko, mo máa ń ju ìkíni sí àwọn èèyàn yẹn bí mo ṣe ń kọjá ni, n kì í dúró gbọ́ èsì. Àìsàn ló mú mi jókòó tì wọ́n. Mo ti rò pé ìtìjú ni kí wọ́n rí tíṣà níbi tó ti ń mí hẹlẹ, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́ mi nítorí pé mo ń fi í pamọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ń rẹ̀ mí, kò rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́.