Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta Tó Ń Di Méjìlélọ́gbọ̀n

Èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọwọ́ mi kọ́ ló gbà á, ẹnu mi ni. Ohun tó sì fà á kò ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ, nínú kọ̀ǹpútà tí mo fi ọwọ́ ara mi tò.

Fídíò ni mò ń ṣe jẹun: yìgì, ìsọmọlórúkọ, wàásí, àti ìdíje kíké Àlùkùránì àwọn ọmọ ilé kéú. Yàrá mi wà lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ilé àtijọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ògiri ilé kejì, èyí sì dára fún iṣẹ́ mi nítorí pé oòrùn kì í dé ojú kọ̀ǹpútà. Ètò tí mo mọ̀ ọ́n fi gé fídíò, orí irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Mac nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, Mac gidi sì ga ju ọwọ́ mi lọ. Mo ra àpótí kọ̀ǹpútà lásán lọ́tọ̀, mo ra bọ́ọ̀dù lọ́tọ̀, mo ra ọpọlọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo tò wọ́n pọ̀, mo sì ki ètò Mac sínú wọn. Àwa tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò kéré láyé, a kàn kì í pariwo ni.

Bàbá tí mò ń sọ yìí, Alájì ni gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ń pè é. Rédíò ló kọ́kọ́ ń tún ṣe, ó kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó yá ó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju tábìlì kan àti àga méjì lọ, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wọn, òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń mọ bọ́ọ̀dù tí ara rẹ̀ yá yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣàìsàn. Ìyá Onífídíò ló máa ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì bímọ. Ó ní fídíò náà ni ọmọ.

Nígbà tí mo to kọ̀ǹpútà mi tán, ó tàn, ó gbọ́ràn, àmọ́ kò lè yàwòrán. Irú rẹ̀ kò ní káàdì àwòrán tó dá dúró. Inú ọpọlọ rẹ̀ gan-an ni apá tó ń yàwòrán wà, ó sì gbọ́dọ̀ yá mẹ́mọ́rì lò lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù. Bí bọ́ọ̀dù bá háwọ́ sí i, ètò Mac kò ní dá a mọ̀ rárá, gbogbo nǹkan á sì máa fà. Mo ń gé fídíò yìgì kan lọ́wọ́ nígbà náà. Ìyàwó á gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà á dúró lójú ọ̀nà. Níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń júwe ara rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mẹ́gà méje péré ni òun ní láti fi yàwòrán. Mo lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí ohun táwọn èèyàn kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ń da nọ́ńbà wọn kọ, àwọn tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà wọn kò bá tèmi dọ́gba. Bàtà oníbàtà ni mò ń wọ̀ kiri.

Ìgbà tó sú mi ni mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Àpótí nìkan ni mo gbé. Dìráífù tí ètò Mac àti iṣẹ́ oníbàárà wà nínú rẹ̀ kì í kúrò nílé mi, n kò lè máa gbé ìgbéyàwó ọmọ olọ́mọ la àárín Ìdúmọ̀tà kọjá. Alájì so tẹlifíṣọ̀n kékeré rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì wọ ojú ewé tí wọ́n ti ń ṣètò bọ́ọ̀dù, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bayọ́ọ̀sì.

"Ohun tó ń ṣe é rèé," ó ní. "Mẹ́gà méjìlélọ́gbọ̀n ni bọ́ọ̀dù yìí ń yọ fún un. Mac ò gba ìyẹn. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló ń fẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á wá ìyókù fúnra ẹ̀."

Ó yí i, ó fi pamọ́, ó pa á. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan ojú ewé yẹn bí n kò bá mọ ohun tí mò ń ṣe, torí ó lè pa bọ́ọ̀dù. Mo gbé e délé, mo ki dìráífù mi bọ̀ ọ́, mo tàn án. Mẹ́gà méje.

Mo gbé e padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó tún yí i. Mo délé, méje. Mo gbé e lọ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ìyá Onífídíò, o tún ti gbé aláìsàn wa dé?"

"Alájì, ẹ má bínú. Kò tíì yí padà."

Àtìgbà tí mo ti ń lọ ni mo ti ń ṣọ́ àwọn nǹkan kan. Bí bàbá bá fẹ́ ka ìwé, ó máa ń na apá rẹ̀ jìnnà tantan. Kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, á ní, "Ka ohun tó wà lára ẹ̀ sí mi létí." Mo máa ń kà á. Lọ́jọ́ kẹta yìí, ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà pẹ́. Ó yí nọ́ńbà náà, ó sì wò mí.

"Máa gbé e lọ báyìí. Mú un padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Nǹkan kékeré kan wà tí mo fẹ́ wá sí i."

Mo rò ó nínú ara mi pé bàbá ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo fi ìkìlọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo wọ ojú ewé náà fúnra mi. Méjìlélọ́gbọ̀n ni mo bá níbẹ̀. Mo yí i sí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, mo tan Mac. Mẹ́mọ́rì àwòrán lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́gà. Ìyàwó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà sì dé ibi tó ń lọ. Inú mi dùn gan-an, n kò ní purọ́.

Ìṣirò tí mo wá ṣe kò gùn. Bàbá yí nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí. Èmi yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí. Àwọn lẹ́tà ojú ewé yẹn kéré, wọ́n sì rí wúruwùru. Ojú bàbá ti lọ nìyẹn, ó sì ń fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́ kiri. Ohun kan wà tí n kò fi kún ìṣirò mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, agogo kọ̀ǹpútà náà kì í bá àkókò mu. Nígbà kan, ètò tí mo fi ń pe ìrun pe ìrun Àsùbáà lọ́sàn-án gangan. Obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sókè pé ṣé kọ̀ǹpútà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún agogo ṣe, ọ̀rọ̀ sì tán lórí ìyẹn.

N kò lọ ní Sátidé. Kí ni mo fẹ́ lọ wá? Kọ̀ǹpútà mi ti dá.

Ó yẹ kí n bi í. Àmọ́ ta ló fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú àgbàlagbà tó kọ́ ọ níṣẹ́, kó sọ pé ẹ ò ríran mọ́? Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn là ń gbà. A óò wá àkọ́bí rẹ̀ lọ, a óò rọra fi tó o létí, ilé á sì mọ bí wọn yóò ti ṣe é. Obìnrin ni àkọ́bí Alájì, ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà kan ní Igbóṣeré ló ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Mo lọ dúró dè é nígbà tí wọ́n ń ṣíwọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Mo rí i pé ojú Alájì ò ríran dáadáa mọ́."

"Èmi náà ti ń nótíìsì ẹ̀," ó ní. "Tó bá fẹ́ wo fóònù, á nawọ́ bí ẹni fẹ́ jù ú nù. O ṣeun, àbúrò mi. Má wòríì, n ò ní dárúkọ ẹ."

Ẹyin lohùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n wí. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn àbúrò Alájì péjọ sí ilé náà. Wọ́n yìn ín, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n ní ó ti sìn wọ́n tó, kó wá jókòó kó máa jẹun ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ojú. Mo gbọ́ pé kò bá wọn jiyàn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ kan fi kó aṣọ ọmọdé sínú ṣọ́ọ̀bù náà. Èmi rò pé oore ni mo ṣe, mo sì sùn dáadáa.

Oṣù méjì kọjá. Kọ̀ǹpútà mi kò kúrò lójú kan, ara ínfátà ni wáyà rẹ̀ wà tọ̀sán tòru. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, onílé ní òun fẹ́ kun ilé. Mo yọ gbogbo wáyà, mo kó ẹrù mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kó o padà lọ́jọ́ kejì, mo tan kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ ń fà. Mẹ́gà méje.

Mo wọ ojú ewé ìṣètò. Méjìlélọ́gbọ̀n. Agogo rẹ̀ wà ní ọjọ́ kìíní ọdún kan tó ti kọjá tipẹ́. Mo jókòó sórí ilẹ̀, òórùn ọ̀dà wà níbi gbogbo. Kò sí ojú ẹlòmíràn tó wo nọ́ńbà yẹn láti oṣù méjì bí kò ṣe tèmi.

Bátìrì kékeré kan wà lára bọ́ọ̀dù, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọ̀sókè lọ. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí agogo àti gbogbo ètò rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Tèmi ti kú. Bóyá ó ti kú kí n tó ra bọ́ọ̀dù náà. Gbogbo ìgbà tí Alájì bá yí nọ́ńbà tán, èmi ni mò ń yọ wáyà, tí mò ń gbé e délé, bọ́ọ̀dù á sì gbàgbé ohun tí bàbá bá a sọ. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi tilẹ̀ dájọ́ láìgbọ́ tẹnì kankan.

Igbóṣeré ni mo kọ́kọ́ sáré lọ. Àǹtí gbọ́ mi tán, ó fọwọ́ bojú.

"Àbúrò, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Àwọn bàbá ti sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n gbé kiri kì í ṣòótọ́? Ìyàwó yẹn náà ti to ọjà sínú ṣọ́ọ̀bù."

Láti ibẹ̀ mo gba Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ. Alájì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wà. Mo kúnlẹ̀, mo fi òkú bátìrì náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Alájì, bátìrì ni."

Ó na apá rẹ̀ jìnnà tantan bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ka lẹ́tà àti nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé orí èyí tó kẹ́yìn. Kò wọ awò. Èmi fi iná fóònù wò ó nílé kí n tó rí i kà.

"Mo mọ̀," ó ní. "Agogo ẹ̀ ló sọ fún mi lọ́jọ́ kẹta yẹn. Mo ra tuntun dè ọ́ ní Sátidé. Á ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ṣọ́ọ̀bù, tí wọn ò bá tíì kó o dànù."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí n ka nǹkan fún yín, Alájì."

"Alùfáà tó ní kó o ka Fátíhà fún òun ní ilé kéú, ṣé kò mọ̀ ọ́n ni?"

Ojú tì mí. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀gbẹ́ wàláà mi ni alùfáà ń jókòó sí, tó di ojú rẹ̀ méjèèjì, tí á ní kí n kà á. N kò rò ó nígbà kankan pé afọ́jú ni.

"Èmi ni mo sọ fún wọn, Alájì," mo ní.

Ó dá bátìrì náà padà sí mi lọ́wọ́. Inú kò bí i, bí inú bá bí i ì bá sàn fún mi.

"Ṣé o bi mí?"

Mo ní rárá, n kò bi yín.